Ẹnjiníà Fàsásì, Òṣómàáló Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà Micah Fàsásì lóṣòó sáàárín gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Sandton ní ìlú Johannesburg, tòun ti kóòtù lára àti táì pupa lọ́rùn, Àyọ̀ká, akọ̀wé ìjọ rẹ̀, wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìkòkò òdòdó ńlá kan ló wà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ bàbá náà rí. Ì bá ti sá lọ, àmọ́ ọkọ̀ Ẹnjiníà ló gbé e wá, ọkọ̀ náà ló sì máa gbé e padà sí Troyeville.

Ọdún 2008 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Títí di òní, bí àwọn Yorùbá Johannesburg bá péjọ tí wọ́n dárúkọ Ẹnjiníà, ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Bàbá ti lọ sọ́run, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò tí ì tán nílẹ̀.

Ohun tó gbé e lọ sí Sandton kò ju ímeèlì lọ. Láràárọ̀ tó bá ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ rí á ti kọ̀wé sí i. Àwọn kan fẹ́ yá a lówó, àwọn kan fẹ́ ta oògùn fún un, àwọn kan ń kí i kú oríire tẹ́tẹ́ tí kò ta. Gbogbo ayé ló ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ẹnjiníà kì í pa á rẹ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó fi ilé òun han olè, ó sì ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò yìí ni.

Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì àbáwọlé fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè orúkọ bàbá, bàbá sọ ọ́. Ó béèrè ibi tó ti wá.

"Nàìjíríà," ni Ẹnjiníà wí. "Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an."

Ọmọbìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, Nàìjíríà lẹ ti wá, ẹ sì wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́ sí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Eish!" Ó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì pa ẹ̀rín mọ́ra títí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu wọn.

Ó wu Àyọ̀ká kó wọnú ìkòkò òdòdó náà lọ. Ṣùgbọ́n inú kò bí Ẹnjiníà. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló tiẹ̀ pẹ́ jù kó tó dáwọ́ dúró. "Ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi wá," ló wí. "Ẹni tí wọ́n bí sí àdúgbò olè ló máa ń mọ ìró ẹsẹ̀ olè. Bá mi pe ọ̀gá yín."

Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá dí. Ó ní òun kò kánjú. Wọ́n ní àga tó wà níbẹ̀, àwọn tí ọ̀gá ń retí ló wà fún. Ó ní kò burú. Ló bá fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ níbi orúnkún, ó sì lóṣòó sáàárín ilẹ̀ dídán náà.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òṣómàáló ni bàbá tó bí Ẹnjiníà, ọ̀kan lára àwọn tó ń kiri aṣọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọn kì í bú oníbàárà, wọn kì í bá a jà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á lọ lóṣòó sí, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Sandton ti rí oríṣiríṣi ìfẹ̀hónúhàn. Wọ́n ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọrin, tí wọ́n ń jó toyi-toyi níwájú ilé-iṣẹ́. Wọn kò tí ì rí bàbá àgbà tó wọ kóòtù, tó lóṣòó jẹ́ẹ́, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹ kú iṣẹ́ o.

Sìkiọ́ríìtì kan tó ga bí ọ̀pẹ dé bá a. "Baba, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́? Ìyá ẹ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìyá rẹ̀ rí. Ó ní orúnkún ń dun ìyá òun ní Limpopo. Ẹnjiníà ní orúnkún wo, ọ̀tún ni àbí òsì? Ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ̀yìn sì ń dun ọkùnrin náà níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, ni òun náà bá lóṣòó kí wọ́n lè jọ sọ ọ́ dáadáa. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rí i nínú kámẹ́rà pé èèyàn méjì ló ti lóṣòó, àti pé òun ló ń sanwó oṣù fún ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀gá náà sọ ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní àdírẹ́sì bàbá kò níye, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó tú u síta?

"Nítorí orúkọ tí mo fún yín, ẹ̀yin nìkan ni mo fún." Ẹnjiníà fi ìwé tó ti tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà hàn án. Oògùn tí ń sọ eyín di funfun ni wọ́n ń polówó níbẹ̀, Eyínfúnjowó sì ni wọ́n fi kí i. "Obìnrin kan ṣoṣo ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti kú ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tipẹ́tipẹ́, mo sì mọ̀ pé òun kọ́ ló ń ta oògùn eyín."

Ojú ọ̀gá yí padà. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti jẹ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí wọ́n kó àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wọn fún. Níbi tí robot, iná tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó, ti dá wọn dúró, Àyọ̀ká kọjú sí bàbá.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́ sir. Next time, ẹ jẹ́ kí n wọ taxi."

"Taxi kẹ̀? Ta ló máa wá jẹ́rìí mi?"

Ọgbọ́n tí bàbá náà fi mú wọn, kò sí ọmọ agbo ilé tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló máa fún un. Ìyàwó sì pọ̀ ní agbo ilé Fàsásì. Ọ̀kan ń pè é ní Akọ̀wé, òmíràn ń pè é ní Adúmáradán, òmíràn ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Bó bá wà lẹ́yìn ilé tó gbọ́ ìpè, kò nílò kó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pe Akọ̀wé fẹ́ kó bá òun ka lẹ́tà. Ẹni tó pe Adúmáradán, omi ló fẹ́ rán an. Orúkọ tí wọ́n fi pè é ti sọ ẹni tó pè é.

Nígbà tó wá dàgbà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Johannesburg ní iṣẹ́ iná mànàmáná ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọn àlejò àìpè bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ímeèlì rẹ̀, ọ̀rọ̀ agbo ilé ló rántí. Ó ra àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ra ilẹ̀. Orúkọ yòówù tí èèyàn bá kọ síwájú àdírẹ́sì náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ń bọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ méjì tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ kan náà. Bí ìwé àìpè bá dé, á kàn wo orúkọ tí wọ́n fi pè é ni.

Kì í sì í sọ wọ́n lórúkọ bákan ṣá. Ó ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Báǹkì ló fún ní Akọ̀wé, ó sì fún ilé ìtajà aṣọ ní Agùntáṣọọ́lò. Ọjọ́ tí ilé ìtajà aṣọ yìí tú u síta, oògùn tí ń fa ikùn wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ó fi ìbínú kà á fún ìyàwó rẹ̀, Motúnráyọ̀. Motúnráyọ̀ wo ikùn rẹ̀ títí. "Bàbá Láyọ̀," ló wí, "àwọn wọ̀nyí mọ̀ yín o."

Nígbà tí orúkọ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Iléṣà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja máa ń pè mí?"

"Ìyá Ẹlẹ́ja tó ti kú? Micah, kí ló dé tó o ń rántí òkú? Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, ẹ̀gbọ́n mi. Fíríìjì ni mo fẹ́ rà."

Obìnrin náà gbààwẹ̀ fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ̀rín lásán ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún Àyọ̀ká títí di ọdún 2009. Akáúńtáǹtì ni Àyọ̀ká, opó ni, òun sì ni akọ̀wé ìjọ Aládùúrà tó wà nínú ilé àtijọ́ kan ní Bertrams, ìjọ kan náà tí Ẹnjiníà ń lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ akọ̀wé yìí ló ń mú orí rẹ̀ wú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àdírẹ́sì gbogbo ọmọ ìjọ wà. Òun ló ń kọ ímeèlì sí wọn bí ìpàdé bá wà, bí ẹnìkan bá bímọ, bí òfò bá ṣẹ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́, ìjọ gbà á nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ìwé àìpè ya bo gbogbo ìjọ bí eéṣú. Ẹni tí kò gba ímeèlì mìíràn rí àfi ti ìjọ náà gbà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti Ìyá Ìjọ, arúgbó olóòótọ́ tó máa ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Wọ́n kọ̀wé sí i pé oògùn tí ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin ti dé, àti pé ìyàwó rẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Olùṣọ́ bá òun túmọ̀ rẹ̀. Olùṣọ́ kò mọ ibi tó máa gbójú sí.

Wọ́n pe ìpàdé. Alàgbà Délé ló kọ́kọ́ dìde, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé òfin. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn àdírẹ́sì yìí, ọwọ́ ta ló wà? Just one person." Kò dárúkọ. Kò nílò kó dárúkọ, nítorí gbogbo ojú ti kọjú sí Àyọ̀ká.

"Ẹ̀yin Alàgbà, mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni," ni Àyọ̀ká wí. "God is my witness."

Ó wo Ẹnjiníà pé kó gba òun sílẹ̀. Ẹnjiníà dìde, ó tún sùtánà rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kò lè parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó ní orúkọ tí òun fún ìjọ, Bàbá-kékeré, kò sí ẹlòmíràn tí òun fún, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi kọ̀wé sí òun. "Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti jáde, kò sí àní-àní." Ó jókòó, inú rẹ̀ dùn pé ọgbọ́n òun ṣiṣẹ́. Kò tiẹ̀ rí ojú Àyọ̀ká.

Bí wọ́n ṣe ní kí Àyọ̀ká lọ sinmi díẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní sinmi díẹ̀ nínú ìjọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó máa ń jókòó tì í sún lọ sí ìdí fèrèsé, ó ní ooru ń mú òun, bẹ́ẹ̀ òtútù ló ń mú gbogbo ènìyàn. Àyọ̀ká délé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀. Ìbàdàn ló fẹ́ padà sí, ibi tí kò sí ẹni tó máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò dá a lóhùn. Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Nígbà tí Àyọ̀ká yọjú lójú fèrèsé, téńté fìlà bàbá ló rí nísàlẹ̀. Ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká rò pé á rẹ̀ ẹ́, á lọ. Kàkà kó lọ, Motúnráyọ̀ ló gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, tó sì kí àwọn aládùúgbò pé ẹ má bínú, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Àyọ̀ká ṣílẹ̀kùn. "Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, Ẹnjiníà. Kí lẹ tún fẹ́?"

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Àyọ̀ká. Ìdajì òótọ́ ni mo sọ, ìdajì òótọ́ sì burú ju irọ́ lọ." Kò dìde nílẹ̀. "Ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde, mi ò kó ìyẹn jẹ. Ṣùgbọ́n a ò tí ì béèrè ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa. Rántí dáadáa. Ta làwọn alàgbà ní kó o fún?"

Àyọ̀ká jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó ronú. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbé ìjọ lọ sí àgọ́ àdúrà gbà á. Àwọn kan tó máa ń fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbà á nígbà ọjọ́ ìbí Olùṣọ́. Ilé ìtẹ̀wé tó ṣe kàlẹ́ńdà ìjọ náà gbà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kàlẹ́ńdà náà han gbogbo ọmọ ìjọ káwọn tó tẹ̀ ẹ́.

"Bí òkété bá ní ihò mẹ́ta," ni Ẹnjiníà wí, "pàkúté mẹ́ta lèèyàn ń dẹ."

Ló bá di oníbàárà gbogbo wọn. Ó fi orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí béèrè iye tí àwọn ọlọ́kọ̀ á fi gbé e lọ sí Durban, bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan tó fẹ́ lọ ṣe ní Durban. Ó fi Adúmáradán ní kí ilé ìtẹ̀wé ṣe kàlẹ́ńdà fún òun, nítorí tàdáwà wọn. Ó fi orúkọ mìíràn rán káàdì ìfẹ́ sí Motúnráyọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Motúnráyọ̀ kà á, omi ẹkún bọ́ lójú rẹ̀, ó tẹ ẹ̀bà, ó se ẹran ìgbẹ́ tó ti ń tọ́jú láti ìgbà Kérésì. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé pàkúté ni.

Wọ́n wá ń dúró. Ẹnjiníà bẹ Àyọ̀ká pé kó má tí ì ra tíkẹ́ẹ̀tì, láràárọ̀ ló sì ń pè é pé kò tí ì sí. Lárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

"Àyọ̀ká, wọ́n ti pè mí!"

"Kí ni wọ́n pè yín?"

"Adúmáradán! Wọ́n fẹ́ yá mi lówó!"

Àyọ̀ká kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí sí gbèsè.

Ilé ìtẹ̀wé náà kò jìnnà sí Ellis Park. Alàgbà Délé fúnra rẹ̀ ló mú wọn wá fún ìjọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ṣe kàlẹ́ńdà lówó pọ́ọ́kú bíi tiwọn. Ó ti wá hàn báyìí bí wọ́n ṣe ń rí i ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sẹ́. Ó ní bó bá dùn mọ́ wọn, kí wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ẹnjiníà fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó lóṣòó. Kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún lọ́dún náà, ó sì di tábìlì mú kó tó balẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká dúró lójú kan. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá ibi tó máa fara pamọ́ sí. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra, ó lóṣòó tì í, tòun ti bàtà gogoro lẹ́sẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ló?" ni Ẹnjiníà béèrè.

"Mo ń kọ́ ọ lọ́wọ́, sir."

Oníbàárà kan wọlé, ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un pé wọ́n kó orúkọ àwọn tà ni, ó sì béèrè bóyá òun náà ti fún wọn ní ímeèlì rẹ̀. Oníbàárà náà yí padà, ó jáde. Bí ẹnìkejì ṣe wọlé, kí Ẹnjiníà tó la ẹnu, ọ̀gá ti sáré yọ.

"Eish, baba! Kí lẹ fẹ́? Ṣé owó ni?"

"A ò fẹ́ owó. Fóònù ni kó o gbé."

Orí ìlóṣòó ni Àyọ̀ká wà tó fi gbọ́ ọ. Ọ̀gá náà pe Olùṣọ́, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ó ní arábìnrin akọ̀wé kò ṣe nǹkan kan. Ó ní àwọn ni àwọn kó àdírẹ́sì ìjọ fún àwọn olùpolówó, kí Pásítọ̀ jọ̀wọ́. Olùṣọ́ ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Àyọ̀ká fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó dìde, kò lè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì ló gbé e nílẹ̀, Ẹnjiníà sì ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn náà ló tún gbé òun dìde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Olùṣọ́ sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìjọ. Kò tí ì sọ ọ́ tán tí Alàgbà Délé fi dìde nípò rẹ̀, ó rìn láìwọ bàtà gba àárín ìjọ kọjá, ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú obìnrin tó lè bí. "Àyọ̀ká, mo jẹ̀bi ẹ. Mo sọ ohun tí mi ò rí ìdí ẹ̀. Fi jì mí." Àyọ̀ká fà á dìde, ó ń sunkún. Wọ́n dá iṣẹ́ akọ̀wé padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìjọ ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ẹnjiníà dáhùn láti ẹ̀yìn pé orúnkún òun kò lè dúró de ogún ọdún.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn kó máa kọ́ ìjọ. Kì í jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Á gùn débi pé ìrẹsì á tutù. "Ẹ má gba ímeèlì gbọ́," ló máa ń wí. "Bí wọ́n bá kọ̀wé pé Olùṣọ́ wà ní ọsibítù ní London, ẹ pè é ná. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ràn. Ọkùnrin kan nínú ìjọ rí iṣẹ́ gidi ní Sandton, wọ́n fi ímeèlì sọ fún un, ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà pé òun ni.

Ọdún 2010, lẹ́yìn tí àwọn àlejò bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ti padà sílé wọn, Ẹnjiníà jẹun ọ̀sán tán, ó jókòó sórí àga rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sùn. Motúnráyọ̀ fi aṣọ bò ó. Nígbà tó padà wá jí i, kò jí mọ́.

Àyọ̀ká ni Motúnráyọ̀ pè. "Bá mi sọ fún wọn, Àyọ̀ká," ló wí. "Mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àyọ̀ká jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò rí iwájú rẹ̀ dáadáa. Ó kọ ọ́ ní ṣókí pé bàbá wa, Ẹnjiníà Micah Fàsásì, ti sùn nínú Olúwa lọ́sàn-án òní. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ. Kò pẹ́ rárá tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Sister Àyọ̀ká, àwọn oníjìbìtì ti gba àdírẹ́sì ẹ o! Wọ́n ní Ẹnjiníà kú! Imagine!"

Kó tó dáhùn, ẹlòmíràn ti ń pè. "Abeg, sọ fún Ẹnjiníà kíá. Ẹni tó kọ irú èyí, bàbá á lóṣòó tì í títí ayé."

Ìyá Ìjọ náà pè. Ó ní òun ti pa á rẹ́, bí Ẹnjiníà ṣe kọ́ wọn. Gbogbo wọn ló ń bínú sí àwọn oníjìbìtì, gbogbo wọn ló ní kó fi ọkàn balẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Àyọ̀ká ní láti sọ fún pé rárá, òun lòun kọ ọ́, òótọ́ ni, òun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ti fọwọ́ kàn án.

Alàgbà Délé ló pè kẹ́yìn.

"Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tó wà nílé pé irọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ fúnra ẹ."

"Òótọ́ ni, Alàgbà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Alàgbà ń mí sínú fóònù bí ẹni tó gun òkè.

"Ó dáa," ló wí. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, mo gbà." Ẹkún gbà á lẹ́nu, láàárín ẹkún náà ló sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yìí! Ó kọ́ wa títí, a ò gba ikú òun gan-an gbọ́."

Àyọ̀ká náà rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.